Sányán, Ẹtù tàbí Àlàárì: Èwo Ni Ká Rà Tí Ọmọ Yóò Fi Jogún?

Tí ẹ bá wọ Instagram láyé ìsinsìnyí, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ìmúra tí wọ́n ń pè ní old money: kóòtù aláwọ̀ búlúù tó ṣú, ṣòkòtò aláwọ̀ iyanrìn, bàtà aláwọ tí kò ní ohun tó ń dán lójú. Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ gàdàgbà láyà, kò sí góòlù tó ń fà lọ́rùn. Ìmúra àwọn tí bàbá bàbá wọn ti lówó ni, àwọn tí kò ní ẹni tí wọ́n fẹ́ fi owó hàn mọ́. Mo fẹ́ràn ìmúra náà gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ Yorùbá á máa wá a kiri nínú àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó jẹ́ pé ó ń bẹ nínú àpótí ìyá ìyá rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí òórùn káńfọ̀ wà lára rẹ̀.

Nígbà tí ìyá ìyá mi papò dà, tí ìsìnkú ti kọjá, àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ jókòó yí àpótí aṣọ wọn ká nínú yàrá. Léèsì ló wà lókè. A pín in kíákíá, èyí tìrẹ, èyí tèmi, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni fà á. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìdì kan wà tí wọ́n fi gèlè funfun wé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi tú u, ẹtù ló jáde: ìró kan àti ìborùn kan, ó ṣú bí ojú ọ̀run lóru, àfi ibi tí wọ́n ti máa ń ṣẹ́ ẹ nìkan ló ti ṣí díẹ̀, tó ti di búlúù. Yàrá dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi gbé e sún mọ́ imú, wọ́n fa òórùn rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí èèyàn mẹ́ta ló ní òun lòun máa mú un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé aṣọ tí àwọn ọmọ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni aṣọ olówó. Mo ti ra òfì, ìyẹn aṣọ tí a fi ọwọ́ hun bíi sányán, ẹtù àti àlàárì, fún ìgbéyàwó àwọn àbúrò mi àti oyè bàbá mi látìgbà náà. Mo ti ra èyí tó dára, mo sì ti ra èyí tí mo kábàámọ̀. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ kó síwájú yín yìí.

Ohun tí mo máa ń bi aṣọ kí n tó sanwó

Ìbéèrè mẹ́ta ni. Ṣé yóò pẹ́ láyé jù mí lọ? Ṣé a lè tú u, ká tún un rán fún ẹni tó sanra jù mí tàbí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù mí? Tó bá gbó, ṣé gbígbó náà á yẹ ẹ́? Ìkẹta yìí ló le jù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A sábà máa ń fi òwe yìí bá ọmọdé wí ni, àmọ́ ẹ tún un gbọ́ dáadáa: àkísà àgbà gan-an ni ọlá àgbà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó lánàá lè ra ogún aṣọ tuntun lọ́la, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta èyí tó gbó lára ìyá rẹ̀.

Sányán tàbí ẹtù

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ibí ni iyèméjì pọ̀ sí.

Sányán ni baba aṣọ, gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etí odò nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Sányán gidi kò dé ọ̀dọ̀ aláró rí. Bí kòkòrò tó pọ̀ ọ́ ṣe fún un láwọ̀ ló ṣe wà. Kòkòrò kan wà nínú igbó wa tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìdílé rẹ̀ ní Anaphe. Orí igi àjàgbọn àti àwọn igi mìíràn ló ń gbé. Àwọn ìdin rẹ̀ kì í dá kọ́lé, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á jùmọ̀ hun ilé kan ṣoṣo bo ara wọn. Ilé yìí ni wọ́n máa ń ká, wọ́n á sè é nínú omi eérú títí tí oje tó mú un le á fi yọ́, wọ́n á wá ràn án bí ẹní ràn òwú. Nítorí pé kò sí aró lára rẹ̀, kò sí aró tó máa ṣí. Mo ti rí agbádá sányán tó ti gba ara bàbá bọ́ sára ọmọ tó sì ti wà lára ọmọ-ọmọ, àwọ̀ inú ìṣẹ́po rẹ̀ àti àwọ̀ èjìká rẹ̀ kò yàtọ̀ síra.

Inú ìkòkò aró ni ti ẹtù ti wá. Òwú ni, wọ́n á rì í sínú aró ẹ̀lú, wọ́n á sá a, yóò gbẹ, wọ́n á tún rì í, títí tí búlúù á fi ṣú débi tí ojú á fi máa pè é ní dúdú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi òwú funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ hun ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín sí i. Ẹ wo ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù nínú oòrùn, ẹ ó rí ibi tí aṣọ náà ti gba orúkọ.

Tí ẹ bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni bí wọ́n ṣe ń bá ìmọ́lẹ̀ ṣe. Sányán máa ń dán díẹ̀, dídán tútù bí irun ẹṣin, kódà lábẹ́ iná mànàmáná. Ẹtù ní tirẹ̀ máa ń fara pa mọ́. Ẹni tó jókòó lókèèrè á rò pé aṣọ dúdú lásán lẹ wọ̀. Ẹni tó bá wá dọ̀bálẹ̀ kí yín, tó sún mọ́ yín, òun ló máa rí ìlà. Fún èmi, ìyẹn ni ọgbọ́n ẹtù: ẹni tó yẹ kó rí i nìkan ló ń rí i.

Nínú lílò, ẹtù ló rọrùn jù. Ẹ̀kán ọbẹ̀ kan lójú àríyá, sányán á fi hàn gbogbo ayé, ẹtù á gbé e mì. Àmọ́ ẹtù tuntun tí wọ́n fi ẹ̀lú gidi ṣe máa ń ràn mọ́ ara. Ẹ má wọ bùbá funfun sábẹ́ rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ọrùn yín àti ọwọ́ bùbá á di búlúù. Ṣíṣí tó bá ṣí kì í ṣe àbùkù o. Ìṣẹ́po àti ìgbúnwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, tí aṣọ á wá ní bí omi ṣe ń ní, ibì kan á jìn, ibì kan ò ní jìn.

Ìṣòro sányán ni pé èyí tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà báyìí jẹ́ òwú lásán tí wọ́n pa láró aláwọ̀ iyanrìn, tàbí òwú tó ní rọ́bà nínú. Kò burú bí aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ má san owó sányán lé e lórí. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó fún yín ní fọ́nrán kan láti etí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Tó bá ń rùn bí irun tó jó, tí eérú rẹ̀ ń rún mọ́ ìka, òwú kòkòrò ni. Tó bá ń rùn bí ìwé tó jó, òwú lásán ni. Tó bá yọ́, tó wá di kóró dúdú líle, ọ̀rọ̀ ti tán. Ti ẹtù kò la iná lọ. Ẹ fi omi díẹ̀ sára áńkáṣífù funfun, kí ẹ fi ra á níbi tí kò hàn. Tí ẹ̀lú bá wà níbẹ̀, áńkáṣífù á gba búlúù.

Tó bá jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà, tó sì jẹ́ tuntun, ẹtù ni kẹ́ ẹ mú. Òwú ló ń fẹ́, òwú kò sì wọ́n bí ilé kòkòrò tí wọ́n ń wá kiri inú igbó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá sányán àtijọ́ tó dájú pàdé, lọ́wọ́ ẹbí tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aṣọ àpótí, ẹ gbé ohun mìíràn tì ná, kí ẹ rà á.

Àlàárì ńkọ́?

Àlàárì rẹwà, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ojú orógbó... rárá, ó pupa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sún mọ́ ẹ̀jẹ̀. Sílíkì pupa tí àwọn oníṣòwò ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wọ Kánò ni àwọn ahunṣọ wa fi ń ṣe àlàárì àtijọ́, nítorí náà ọlá ọ̀nà jíjìn wà lára rẹ̀. Àmọ́ pupa kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ìmúra tí kò pariwo, ẹ lò ó gẹ́gẹ́ bí ìborùn lé ìró ẹtù lórí, tàbí fìlà kan ṣoṣo lórí agbádá sányán. Odindi agbádá àlàárì, ẹ jẹ́ kó wà fún ọjọ́ tí ẹ̀yin gan-an lẹ ni ayẹyẹ náà.

Òwú lásán tàbí shain-shain

Mo ti ra shain-shain rí, òfì tí wọ́n fi òwú onídán hun. Ìgbéyàwó àbúrò mi kejì ni. Aláwọ̀ wúrà ni, ó ń tàn yòò lábẹ́ iná gbọ̀ngàn, àwòrán rẹ̀ sì dùn wò. Ẹni tó tà á fún mi búra pé títí ayé ni. Kò tíì pé wákàtí méjì tí òwú onídán yẹn ti ń ya mí lọ́rùn bí ẹ̀gún ẹja. Nígbà tí mo tún yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin, ó ti ń já níbi tí mo ti ṣẹ́ ẹ, àwọn òwú tó já ń ta jáde bí ìpẹ́, dídán sì ti kúrò lára rẹ̀, ó ti di bí irin tó fẹ́ dípẹtà. Kò ṣeé fún ọmọ, kò sì ṣeé fi nulẹ̀.

Shain-shain ní ibi tó ti dára, mi ò ní parọ́. Ó fúyẹ́, ó ń dúró dáadáa fún gèlè, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí àwọ̀ tí wọn kò lè hun. Gèlè ẹtù àtijọ́ wúwo, ẹni tí kò bá mọ gèlè wé dáadáa á jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹbí bá ní kí gbogbo èèyàn ra aṣọ ẹbí, ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ìpàdé pé kó mọ ní gèlè àti fìlà. Kí olúkúlùkù wá wọ ohun tó ti wà nínú àpótí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà oyè bàbá mi. Owó tí ẹbí ìbá ná lórí léèsì ẹlẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò jáde, gbogbo wa sì jọ ara wa lókè.

Léèsì, gíní tàbí òfì

Léèsì kì í ṣe ọ̀tá. Láti bí ọdún 1960 síwájú ni àwọn iléeṣẹ́ ìlú Lustenau, ní agbègbè Vorarlberg lórílẹ̀-èdè Austria, ti ń ṣe é fún ọjà wa, tí wọ́n ń ṣe àwọ̀ àti ọnà rẹ̀ bí àwọn ìyálọ́jà ìlú Èkó bá ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé láàárín 1970 sí 1980, léèsì gba gbogbo àríyá. Ohun tí òun àti òfì fi yàtọ̀ ni pé léèsì ń sọ ọdún tí ẹ rà á. Ẹ gbé àwòrán àríyá ọdún 1978 síwájú ẹni tó mọ aṣọ, á ní, "Ìgbà léèsì báyìí ni." Kò sí ẹni tó lè wo ìró ẹtù kó sọ ọdún tí wọ́n hun ún.

Ọkùnrin tí ooru òfì kò bá lára mu lè yan gíní. Ọ̀pọ̀ èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ń wá láti ìlú Bludenz, ní Vorarlberg kan náà. Òwú ni, ọnà ara rẹ̀ sì wà nínú híhun, àwọ̀ kan náà lórí àwọ̀ kan náà. Ẹ ní kí wọ́n fi òwú àwọ̀ kan náà ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Funfun, búlúù tó ṣú, tàbí àwọ̀ eérú: agbádá gíní funfun tó mọ́, tí wọ́n lọ̀ dáadáa, kò ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ti àpótí tàbí tuntun

Ẹtù ìyá ìyá mi kò bọ́ sọ́wọ́ mi. Àbúrò màmá mi ló gbé e. Wọ́n gbé e lọ bá télọ̀ kan nígboro pé kó bá wọn fi rán gáùn òde òní. Télọ̀ náà tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ ní ìdábùú. Èmi ni wọ́n rán lọ gba gáùn náà. Gáùn kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, mo rí àjákù ẹtù náà tó gùn tó apá mi, ọmọ iṣẹ́ kan ń fi nu òróró ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ṣì ń rí i títí di báyìí. Lẹ́yìn ọdún méjì, ara àbúrò màmá mi gbilẹ̀, gáùn kò gbà wọ́n mọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe mọ́.

Ohun tí télọ̀ yẹn kò mọ̀ ni ohun tí ó sọ òfì di ogún. Òfì kì í ṣe yáàdì. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun, fífẹ̀ ti àtijọ́ kò ju nǹkan bí ínǹṣì 4 lọ, ọ̀já gígùn kan ṣoṣo tó ń jáde lórí òfì, ìyẹn ohun èlò ìhunṣọ, títí. Ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú ń lọ, ó ń bọ̀, etí méjèèjì sì ń di ara rẹ̀ mú, kò lè tú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gé e sí gígùn tí wọ́n fẹ́, wọ́n á rán etí mọ́ etí. Tí ẹ bá tú ojú rírán yẹn, ọ̀já á padà sí bó ṣe wà kó tó di aṣọ. Bàbá aránṣọ àgbàlagbà kan n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ èyí, nígbà tí mo gbé agbádá ẹtù bàbá àgbà mi lọ kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọn ò fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n mú bíléèdì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú ìránṣọ náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fà á yọ bí ẹní ń yọ egungun ẹja. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a kì í gé òfì, títú là ń tú u." Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, agbádá ti di ọ̀já tí wọ́n tò sórí ẹní, wọ́n yọ méjì tó ti gbó kúrò, wọ́n fi ọ̀já ara ìborùn dí àyè rẹ̀. Agbádá náà ba ẹ̀gbọ́n mi mu bíi pé òun ni wọ́n wọ̀n fún.

Nítorí náà, bí ẹ bá láǹfààní ti àpótí, ti àpótí ni kẹ́ ẹ yàn, bó tiẹ̀ jẹ́ ìborùn kan ṣoṣo. Òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ràn ló pọ̀ lára wọn, ìyẹn ló mú kí wọ́n wúwo. Ẹ gbé e sókè sí ojú fèrèsé, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fa ibi ìṣẹ́po díẹ̀: tó bá dún bí ìwé tó fẹ́ ya, òwú ibẹ̀ ti kú, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ kàn tọ́jú rẹ̀. Ihò kéékèèké tí kòkòrò jẹ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ kọ aṣọ sílẹ̀, ọ̀já kan ni ẹ ó yọ.

Bó bá jẹ́ tuntun ni, Ìṣẹ́yìn ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn lọ, kí wọ́n bá ahunṣọ sọ̀rọ̀ nídìí òfì rẹ̀. Ẹni tí kò lè lọ, ọjà Ọjẹ́ wà n'Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra ni wọ́n ń ná ọjà òfì níbẹ̀. Ẹ béèrè òwú tí wọ́n máa lò kí ẹ tó béèrè iye. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ẹ ní kí wọ́n hun ọ̀já mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé e nínú òwú kan náà, kí ẹ ká a pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Lọ́jọ́ tí ara bá gbilẹ̀, tàbí tí ọmọ yín bá ga jù yín lọ, ibẹ̀ lẹ ó ti mú. Aró méjì kì í jọra wọn tán, kò sí bí ẹ ṣe máa rí irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Iṣẹ́ ọrùn, fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ni ẹ ó ti mọ̀ wọ́n. Ẹ yí ọrùn agbádá sóde sínú. Ti ẹ̀rọ á ní òwú kan lójú, òwú mìíràn lẹ́yìn, á sì le bí páálí. Ti ọwọ́ á ní kókó níbi tí òwú ti tán, ìrìn abẹ́rẹ́ kò sì ní dọ́gba délẹ̀. Lórí ẹtù, òwú funfun tàbí búlúù. Lórí sányán, òwú sányán fúnra rẹ̀. Òwú wúrà lórí ẹtù ń ba ẹtù jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i.

Fìlà, abetí ajá tàbí gọ̀bì, kí ó jẹ́ òfì kan náà tàbí èyí tó ṣú jù ú lọ. Ní ọrùn, iyùn ìdì kan tó ti wà nínú ẹbí sàn ju ìdì mẹ́ta tí ẹ yá lọ. Ẹni tó bá ní sẹ̀gi kó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹtù, búlúù pàdé búlúù, kí ó má fi nǹkan kan kún un mọ́.

Aṣọ Òyìnbó tàbí tiwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Chicago, otútù kò mọ sányán, mo mọ̀. Ẹ ra kóòtù onírun àgùntàn tó dára, kí ẹ lò ó títí. Àwọn náà ní tiwọn tó jọ òfì: Harris Tweed, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1993 sọ pé àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides ní Scotland gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ hun nínú ilé wọn, kí ó tó lè jẹ́ orúkọ náà. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. A kì í rí irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára sányán tí à ń rà lọ́jà, ojú àti ọwọ́ yín ni òǹtẹ̀. Ẹ fi ìborùn ẹtù sí abẹ́ kóòtù náà dípò síkáàfù, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe gba ara wọn. Ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ìyá ṣì ń gbé aṣọ pano da costa kọ́ èjìká nínú ìsìn òrìṣà. Láyé òwò ìgbàanì, láti etíkun wa, títí kan Èkó, ni wọ́n ti ń kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Èyí tí mi ò lè gbà ni kí ẹnì kan wọ kóòtù onírun lọ́sàn-án gangan l'Ékòó kó lè jọ ọmọ ọlọ́lá. Mojola Agbebi, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti yanjú ìyẹn kí wọ́n tó bí bàbá wa. David Brown Vincent ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1894 ó gba orúkọ Yorùbá, ó pa kóòtù tì, ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ kódà nígbà tó bá rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ má gbé òfì àtijọ́ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Tó bá ti gba òógùn, ẹ tú u sóde, kí ẹ sá a síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn tààrà, pàápàá ẹtù. Kí káńfọ̀ má fara kan òwú, ẹ dì í sínú àkísà kékeré kí ẹ tó jù ú sí igun àpótí. Ẹ má fi rọ́bà wé aṣọ, ooru inú rẹ̀ á mú kó bu. Aṣọ funfun tó ti gbó tó sì mọ́ ló dára jù. Lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ ṣẹ́ ẹ síbòmíràn tó yàtọ̀ sí ti èṣí, kí ibì kan ṣoṣo má baà máa já. Ẹ pe àwọn ọmọ sí i lọ́jọ́ náà, kí wọ́n bá yín di etí kejì mú, kí ẹ sì sọ fún wọn ẹni tó ni èyí àti ẹni tó ni ìyẹn.